Ẹ Ṣọ́ra fún Jíà Máṣìnnì Àyálò

Láìpẹ́ yìí, ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa ní Kakuri yá máṣìnnì ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti fi sáré dé Sabon Tasha. Bajaj Boxer 100 ló ti mọ́ ọn lára, èyí tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ la máa ń tẹ gbogbo jíà rẹ̀ sí, bíi ti Honda C70 tí èmi fi kọ́ alùpùpù. Ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ yàtọ̀: ìsàlẹ̀ ni jíà kìíní, òkè ni ìyókù. Nígbà tó fẹ́ bọ́ sí jíà kẹrin, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ló bá já sí èkejì lórí eré. Táyà ẹ̀yìn há, ó gbé e ṣubú. Orí ló yọ ọ́, apá nìkan ló kán.

Àwọn kan ti ní kí n bá wọn wá mẹkáníìkì ní Panteka tó máa yí i padà. Òótọ́ ni pé ó ṣeé ṣe, àwọn tó ń fi alùpùpù díje máa ń ṣe é. Bí jíà bá ní irin ìsopọ̀, wọ́n á yọ apá kékeré ibi tó ti wọ ẹ́ńjìnnì, wọ́n á dojú rẹ̀ kodò. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ ọ́ di Boxer o! Òkè ni jíà kìíní á wá wà, ìyókù á wà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá yá a lọ́wọ́ yín ńkọ́? Nítorí irú ìdàrúdàpọ̀ yìí ni òfin Amẹ́ríkà ṣe sọ ọ́ di ọ̀kan náà láti ọdún 1974.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bèèrè kí ẹ tó gun máṣìnnì ẹlòmíràn. Ẹ gbé e dúró, ẹ yí jíà rẹ̀ wò. Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni.