Ilẹ̀ tó wà níhòòhò kì í gba omi dúró: Ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Rattan Lal rí n'Ìbàdàn, tó sì kan Akanda ní Gabon

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbàrá òjò kò lóun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Bí ọ̀rọ̀ ilé ti rí ni ti oko náà rí. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló máa ń bẹ Ọlọ́run pé kí òjò rọ̀, ṣùgbọ́n bí òjò ọ̀hún bá dé tán, ojú wọn náà ni omi yóò ṣe gba ẹsẹ̀ oko kọjá lọ sódò, tí yóò sì kó ilẹ̀dú dání lọ. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá wá kọjá láìsí òjò mìíràn, àgbàdo yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Níbo ni omi ìjẹta wà? Ìbéèrè yìí ni onímọ̀ nípa ilẹ̀ kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Rattan Lal, fi ọdún mẹ́tàdínlógún wá ìdáhùn sí n'Ìbàdàn.

Kì í ṣe òjò púpọ̀ nìkan ló ń mú kí ilẹ̀ tutù. Ẹ wo ìlú Akanda, tó wà ní àríwá Libreville, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Gabon. Òjò tó ń rọ̀ ní agbègbè náà lọ́dún fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,000 mìlímítà, bẹ́ẹ̀ ti Ìbàdàn kò ju nǹkan bíi 1,300 lọ. Síbẹ̀, bí àgbẹ̀ ibẹ̀ bá ṣán igbó, tó dáná sun ún, tó sì gbin gbágùúdá àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i, kì í pẹ́ tí agbára ilẹ̀ náà fi ń tán, nítorí òjò ńlá a máa fọ ọ̀rá ilẹ̀ lọ. Láti oṣù kẹfà títí di oṣù kẹsàn-án, òjò yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dáwọ́ dúró, ilẹ̀ tí kò ní ìbora yóò sì gbẹ. Ìyà kan náà ló ń jẹ ẹni tí òjò rẹ̀ pọ̀ àti ẹni tí òjò rẹ̀ mọ níwọ̀n.

Ọmọ àgbẹ̀ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n

Ní ọdún 1944 ni wọ́n bí Rattan Lal ní Karyal, ní agbègbè Punjab, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣàkóso Íńdíà. Apá Pakistan ni ìlú náà bọ́ sí lónìí. Nígbà tí wọ́n pín ilẹ̀ Íńdíà sí méjì ní 1947, àwọn òbí rẹ̀ wà lára àwọn tí ogun àti ìjà lé kúrò nílé, tí wọ́n lọ tún ìgbé ayé bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ tí kò tó nǹkan. Ní 1968 ló gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó di 1970, ó dé sí IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967 ní ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́ n'Ìbàdàn.

Ohun tó kọ́kọ́ bá pàdé kò múnú ẹni dùn. Igbó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, tí wọ́n fi katakata tú, kò pẹ́ tó fi le bíi bíríkì. Ilẹ̀ olóràá tó wà lókè kò nípọn, òkúta wẹ́wẹ́ ló pọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Bí èyí tó wà lókè bá ti lọ, oko ti lọ nìyẹn.

Ohun tí ìwọ̀n fi hàn

Lal kò fi ẹnu lásán sọ̀rọ̀. Ó ya ilẹ̀ sí abala abala lórí ibi tó dagẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan fi ẹsẹ̀ bàtà 1 rẹlẹ̀ nínú gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 100, òmíràn fi 5, òmíràn fi 10, èyí tó dagẹ̀rẹ̀ jù sì fi 15. Ní ìsàlẹ̀ abala kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń gba omi àti erùpẹ̀ tí òjò bá gbá wá, kí wọ́n lè wọ̀n ọ́n. Ó fi àwọn kan sílẹ̀ níhòòhò, ó tú àwọn kan, ó fi koríko gbígbẹ bo àwọn mìíràn. Àwọn kan tún wà tí kò tú rárá, àárín pòròpórò ìkórè tó kọjá ni wọ́n gbin nǹkan sí.

Èsì rẹ̀ hàn kedere. Ẹ̀kán òjò tó bá bọ́ sórí ilẹ̀ níhòòhò dà bí òòlù kékeré. A máa fọ́ erùpẹ̀ sí wẹ́wẹ́, èyí tó fọ́ náà yóò sì dí gbogbo ihò tí omi ìbá gbà wọlé. Omi tí kò rí ọ̀nà wọlẹ̀ ló ń di àgbàrá. Ṣùgbọ́n ibi tí koríko bá ti bo ilẹ̀, koríko ni òjò ń lù. Ekòló yóò rí oúnjẹ jẹ lábẹ́ rẹ̀, ihò tí ekòló ń lu ni omi yóò sì gbà wọlẹ̀. Koríko gbígbẹ tí ìwọ̀n rẹ̀ tó tọ́ọ̀nù 4 sí 6 lórí hẹ́kítà kan tó láti ká àgbàrá lọ́wọ́ kò, kódà lórí ilẹ̀ tó dagẹ̀rẹ̀ gan-an.

Ooru náà tún wà ńbẹ̀. Nínú ilẹ̀ tí kò ní ìbora, ooru ọ̀sán lè kọjá 40 dígíríì ní ibi tí gbòǹgbò àgbàdo kékeré wà, bẹ́ẹ̀ ooru ara ènìyàn tó wà ní àlàáfíà kò ju nǹkan bíi 37 lọ. Ní 1974, ó gbé ìwádìí jáde lórí bí ooru ilẹ̀, ọ̀rinrin ilẹ̀ àti ìkórè àgbàdo ṣe so mọ́ra. Ilẹ̀ tí a bò tutù ju èyí tí a kò bò lọ, omi sì ń pẹ́ nínú rẹ̀. Ní 1979, òun àti ẹnìkejì rẹ̀ tún fi hàn pé igbó tí wọ́n fi katapílà ṣí ń pàdánù ilẹ̀ ju èyí tí wọ́n fi àdá ṣán lọ.

Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n

Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí Yorùbá. Àwọn baba wa kì í hú gbogbo kùkùté. Wọ́n ń gbin ẹ̀gúsí sáàárín iṣu àti àgbàdo, ewé ẹ̀gúsí yóò sì tẹ́ bo ilẹ̀ bí ẹní. Wọ́n ń fi koríko gbígbẹ dé orí ebè kí oòrùn má baà se iṣu. Wọ́n sì ń jẹ́ kí ilẹ̀ sinmi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tó yí padà ni pé ènìyàn ti pọ̀ sí i, ilẹ̀ kò sì rí àyè sinmi mọ́.

Ìbora yìí náà ní ìṣòro tirẹ̀. Màlúù ń jẹ pòròpórò, iná ọyẹ́ sì ń jó èyí tó kù. Ẹni tí kò bá tú ilẹ̀ nílò oògùn apakoríko, owó nìyẹn, oògùn náà sì ní ewu tirẹ̀. Ilẹ̀ tó ti le jù kì í gba irúgbìn bọ̀rọ̀ láìtú u. Nítorí náà, oko kọ̀ọ̀kan ni yóò sọ bí a ó ṣe ṣe é.

Láti oko dé inú ẹrọ̀fọ̀

Ní 1982, Roger Revelle, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kìlọ̀ nípa bí ayé ṣe ń gbóná, dé ọ̀dọ̀ Lal n'Ìbàdàn. Ó bi í pé níbo ni kábọ́ọ̀nù tó ń kúrò nínú ilẹ̀ ń lọ. Afẹ́fẹ́ ló ń lọ. Láti ìgbà náà ni Lal ti ń wá ọ̀nà tí a ó fi dá a padà sínú ilẹ̀.

Ibí yìí ni Akanda ti tún kan ọ̀rọ̀. Ní 2002, ìjọba Gabon ya igbó etíkun tó tó nǹkan bíi 540 kìlómítà níbùú lóròó sọ́tọ̀ níbẹ̀. Inú ẹrọ̀fọ̀ ni igi ibẹ̀ ń gbé, gbòǹgbò wọn yọ sókè bí ẹsẹ̀ akàn. Nítorí pé omi bo ẹrọ̀fọ̀ náà, afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ̀ ọ́, ewé tó bá bọ́ sínú rẹ̀ kì í tètè jẹrà, kábọ́ọ̀nù yóò sì dúró síbẹ̀. Ẹja ń pamọ sáàárín gbòǹgbò, ẹyẹ láti ilẹ̀ Yúróòpù sì ń wá jẹun níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Libreville ń gbòòrò síhà ibẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti gé igi, tí wọ́n da iyanrìn sí i láti kọ́lé, omi yóò kúrò, afẹ́fẹ́ yóò wọlé, kábọ́ọ̀nù yóò jáde, òkun kò sì ní rí ohun tí yóò dá a dúró mọ́.

Láti 2015 ni Amẹ́ríkà ti ní sátẹ́láìtì tí wọ́n ń pè ní SMAP, tó ń wo ọ̀rinrin ilẹ̀ láti òkè. Kò rí ju nǹkan bí ìka ọwọ́ kan lọ sínú ilẹ̀, igbó dídí bíi ti Gabon sì ń dí i lójú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ inú ilẹ̀ ṣì gbọ́dọ̀ gbẹ́ ẹ wò.

Lal fi Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1987, ó padà sí Ohio. Ó gba ẹ̀bùn Japan Prize ní 2019, ó sì gba World Food Prize ní 2020. Bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Ẹ̀kọ́ tó fi sílẹ̀ kò gba owó ńlá láti bẹ̀rẹ̀: kí àgbẹ̀ má sun pòròpórò rẹ̀, kó tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀, kó gbin ẹ̀gúsí tàbí ẹ̀wà sáàárín àgbàdo, ibi tí ilẹ̀ bá sì ti dagẹ̀rẹ̀, kó kọ ebè rẹ̀ dábùú ọ̀nà omi. A kò lè pàṣẹ fún òjò, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa ni ìbora ilẹ̀ wà.