Kílọ́ọ̀ṣì Olóròóró àti Jíà Ọkọ̀ Àtijọ́: Bí A Ṣe Ń Wá Ibi Tí Àìsàn Wọn Wà

Kílọ́ọ̀ṣì ni ó ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ jíàbọ́ọ̀sì, òun náà ni ó sì ń yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì nígbà tí awakọ̀ bá fẹ́ yí jíà. Nínú Peugeot 504, tó jáde ní 1968, tí wọ́n sì ń tò ní Kàdúná títí wọ àwọn ọdún 2000, òróró ló ń gbé agbára ẹsẹ̀ lọ síbi kílọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe okùn wáyà. Ọkọ̀ bâchée, ìyẹn 504 akẹ́rù tí wọ́n fi tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀, tó bá ti Savalou gba Gouka kọjá lọ sí Bantè, tó ru iṣu tàbí àpò kajú ju ohun tí wọ́n ṣe é fún lọ, kì í pẹ́ kó tó fi àìlera ibẹ̀ hàn.

Bí awakọ̀ bá tẹ ẹsẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, ọ̀pá kékeré kan á ti písítìnnì inú sílíńdà òkè. Òróró bíréékì tó wà nínú rẹ̀ á gba páìpù àti ọ́ọ̀sì rọ́bà sọ̀kalẹ̀ sí sílíńdà ìsàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíàbọ́ọ̀sì. Písítìnnì tìyẹn á ti fọ́ọ̀kì, fọ́ọ̀kì á ti bẹ́ríǹgì, díìsìkì á sì bọ́ lára fulaiwíìlì ẹ́ńjìnnì. Òróró kò ṣeé fún pọ̀, ìdí nìyẹn tí agbára ẹsẹ̀ fi ń dé ìsàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ ní tirẹ̀ ṣeé fún. Bó bá ti ráyè wọlé, afẹ́fẹ́ ni ẹsẹ̀ ń tẹ̀, fọ́ọ̀kì kò sì ní rìn dé ibi tó yẹ.

Nígbà tí jíà bá kọ̀ tí kò wọlé, jíàbọ́ọ̀sì ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi, wọ́n á sì sọ ọ́ kalẹ̀. Iṣẹ́ odidi ọjọ́ kan nìyẹn, ó sì lè já sí asán. Ìdánwò kan wà tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀: kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n yí gbogbo jíà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí gbogbo wọn bá wọlé wẹ́rẹ́, tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń kọ̀, kílọ́ọ̀ṣì ni kò tú tán. Jíà ẹ̀yìn ló máa ń kọ́kọ́ ké, nítorí kò ní òrùka idẹ tó ń bá àwọn jíà iwájú mú eré wọn dọ́gba. Bí wọ́n bá sì tún kọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti kú, kí wọ́n wo àwọn ọ̀pá tó ti ọwọ́ jíà wá: rọ́bà àti búṣì wọn máa ń jẹ, pàápàá nínú ọkọ̀ tí ọwọ́ jíà rẹ̀ wà lábẹ́ ìdarí.

Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n ṣí ìdérí àgbá òróró kílọ́ọ̀ṣì. Bí òróró bá ti dín kù, ó ti jò síbì kan. Bí ó bá dúdú, rọ́bà inú sílíńdà ló ń yòrò. Ti òkè sábà máa ń jò gba ara ọ̀pá ẹsẹ̀ wá sórí ilẹ̀ níbi ẹsẹ̀ awakọ̀. Ti ìsàlẹ̀, ó di dandan kí wọ́n wọ abẹ́ ọkọ̀, kí wọ́n fi ìka ká etí rọ́bà tó bo ẹnu rẹ̀ sẹ́yìn. Ibi tó yẹ kó gbẹ ni wọn yóò bá òróró. Ìgbà mìíràn wà tí kò sí ibi tó tutù rárá, síbẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń rọra rì bí awakọ̀ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tó sì dúró lé e. Ìyẹn jẹ́ pé òróró ń yọ́ kọjá lára rọ́bà písítìnnì òkè padà sínú àgbá. Bí ẹsẹ̀ bá ń le díẹ̀díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ léraléra kíákíá, afẹ́fẹ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí.

Láti lé afẹ́fẹ́ jáde, ẹni méjì ni yóò ṣe é. Wọ́n á ki ọ́ọ̀sì kékeré bọ ẹnu níbù sílíńdà ìsàlẹ̀, ìyẹn ẹnu kékeré tí wọ́n ń tú kí afẹ́fẹ́ lè jáde, wọ́n á ri etí kejì sínú ìgò tí òróró wà. Ẹnì kan á tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, èkejì á tú níbù, á sì dí i kí ẹsẹ̀ tó gòkè. Wọ́n á máa bu òróró kún àgbá, títí tí kò fi ní sí ìfófòó mọ́ nínú ìgò. Òróró bíréékì nìkan ni kí wọ́n lò, DOT 3 tàbí DOT 4, láti inú ìgò tí wọn kò tíì ṣí tẹ́lẹ̀, nítorí ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ẹni tó bá da òróró ẹ́ńjìnnì síbẹ̀ ti ba gbogbo rọ́bà jẹ́: wọ́n á wú, wọ́n á sì há.

Àìsàn kejì ni kí kílọ́ọ̀ṣì máa yọ̀. Lórí òkè, ẹ́ńjìnnì á máa pariwo, ọkọ̀ kò ní sáré, òórùn jíjó á sì jáde. Díìsìkì tó ti jẹ tán ló sábà ń fà á, tàbí òróró ẹ́ńjìnnì tó jò sí i lára. Àmọ́ kí wọ́n tó tú u, kí wọ́n wò bóyá ọ̀pá ẹsẹ̀ ní àyè díẹ̀ kó tó kan písítìnnì. Bí kò bá sí àyè, ihò tí òróró ń gbà padà sínú àgbá á di pa; bí òróró ṣe ń gbóná, á máa wú, á sì máa ti kílọ́ọ̀ṣì láìsí ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ọ́ọ̀sì àtijọ́ tí inú rẹ̀ ti wú náà lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ariwo ló kù. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n tẹ ẹsẹ̀, bẹ́ríǹgì kílọ́ọ̀ṣì ni. Èyí tó dákẹ́ nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, bẹ́ríǹgì iwájú jíàbọ́ọ̀sì ni. Nínú 504, jíà kẹrin ń gbé agbára láti iwájú bọ́ sẹ́yìn tààrà, ọ̀pá ìsàlẹ̀ inú jíàbọ́ọ̀sì kì í gbé ẹrù nígbà náà. Nítorí náà ariwo tó wà ní jíà kìíní, ìkejì àti ìkẹta, tó sì rọlẹ̀ ní ìkẹrin, ọ̀pá yẹn tàbí bẹ́ríǹgì rẹ̀ ló ń ké. Jíà kan ṣoṣo tó ń ké nígbà tó bá ń wọlé, òrùka idẹ tirẹ̀ ló ti jẹ. Òróró ẹ́ńjìnnì ni Peugeot ní kí wọ́n dà sínú jíàbọ́ọ̀sì yìí, kì í ṣe òróró jíà tó nípọn, èyí tó lè mú kí jíà le láti wọlé láàárọ̀ láìsí ohun tó bàjẹ́.