Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó ra kọ̀ǹpútà àlòkù fọ́mọ, ẹ béèrè ohun tó ń ya àwòrán inú rẹ̀

Lọ́dún 2013 tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, lábẹ́ Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, pín Ọpọ́n Ìmọ̀ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama, ọ̀pọ̀ òbí ní Òṣogbo àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló rí i pé ìwé ọmọ ti kúrò nínú báàgì nìkan. Nígbà tó di ọdún 2015, àjọ JAMB náà gbé gbogbo ìdánwò wọn sórí kọ̀ǹpútà. Lónìí, ọmọ tó bá wọ Yunifásítì Ọ̀ṣun tàbí Yunifásítì Iléṣà, kò ní í pẹ́ tí yóò fi béèrè kọ̀ǹpútà alágbèéká. Owó kòkó tàbí owó iṣu ni òbí mìíràn yóò sì fi rà á.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ara dídán ni ká wò. Nínú gbogbo kọ̀ǹpútà àti fóònù ni ohun kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní GPU. Òun ló ń ya lẹ́tà, àwòrán àti fíìmù tí à ń rí lójú ẹ̀rọ. Nínú kọ̀ǹpútà olówó ńlá, ó máa ń dá dúró, a sì ní ibi ìpamọ́ tirẹ̀. Nínú fóònù àti ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká, inú chip kan náà lòun àti ọpọlọ ẹ̀rọ jọ ń gbé. Nǹkan bí ọdún 2011 ni Intel àti AMD bẹ̀rẹ̀ sí í kó méjèèjì pọ̀ báyìí.

Àǹfààní rẹ̀ ni pé kò wọ́n, kì í sì í tètè jẹ bátìrì, èyí tó dára níbi tí iná kì í ti í dúró. Àléébù rẹ̀ ni pé inú RAM ẹ̀rọ ló ti ń yá ààyè lò. Àwo kan ni wọ́n jọ ń bu. Bí RAM bá jẹ́ 4GB péré, kò ní í pẹ́ tí ẹ̀rọ yóò fi máa wọ́ bí ìgbín. 8GB ló tọ́, bó bá sì jẹ́ 4GB méjì, ó sàn ju ẹyọ 8GB kan lọ.

Láàárín àwọn àlòkù, Radeon ti AMD sábà máa ń lágbára ju UHD ti Intel lọ, kó tó di pé Intel gbé Iris Xe jáde lọ́dún 2020. Lórí fóònù, Mali ló wọ́pọ̀ nínú àwọn tó ń lo MediaTek, Adreno sì ni ti Snapdragon. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ fóònù ni kò ní fáànù. Bó bá ti gbóná, yóò dẹwọ́ iṣẹ́.

Ọmọ tó fẹ́ fi tẹ ìwé, tó fẹ́ fi ṣe ìdánrawò JAMB, kò nílò GPU ńlá. Ẹni tó ń kọ́ yíya àwòrán ilé tàbí títo fíìmù ló nílò rẹ̀. Ẹ rántí pẹ̀lú pé Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró lóṣù Kẹwàá ọdún 2025, Windows 11 kì í sì í sábà gba Intel tó ti pẹ́ ju ọdún 2017 lọ.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ọmọ tẹ bọ́tìnnì Windows àti R pọ̀, kó kọ dxdiag. RAM àti GPU yóò hàn sí gbangba. Abéèrè kì í ṣìnà.