Òórùn Inú Àpótí Apẹja

Bàbá mi fi àpótí ìwọ̀ kan sílẹ̀ fún mi, tí àwọn ẹja onígi tí ó fi ń tan ẹja odò wà nínú rẹ̀. Òórùn rẹ̀ burú tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá àwọn ọmọ mi fi wí pé, "Olówó orí mi, ẹ jẹ́ kí a gbé e sọ sínú odò." Mo da lọ́fíńdà sí i, òórùn kan di méjì.

Ẹ jẹ́ kí a mọ orísun rẹ̀. Òróró ara ẹja ni ó wọ inú igi, tí ó sì bàjẹ́ níbẹ̀. Ọṣẹ ni í mú òróró kúrò. Omi ọsàn wẹ́wẹ́, nítorí kíkan rẹ̀, ni í pa òórùn ẹja tí ó kù.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ tú ìwọ̀ kúrò, kí ó má baà gún yín. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ igi náà. Ẹ fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí a bu omi là nù ún, kí ẹ sì tètè ṣàn án, nítorí kíkan a máa mú irin dípáàrà. Ẹ sá a sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ títí yóò fi gbẹ pátápátá, nítorí ọ̀rinrin ni í mú òórùn padà. Ẹ má ṣe da omi tí a fi ń sọ aṣọ di funfun pọ̀ mọ́ ọsàn wẹ́wẹ́ láé. Èéfín olóró ni yóò jáde.

Lónìí, àpótí náà wà nínú yàrá wa. Ọmọ wa fi ọ̀kan nínú ẹja onígi náà pa ẹja. Ìyá rẹ̀ ni ó sì sè é.