Kọ̀ǹpútà tuntun tí kò tàn: Ẹ má tíì sáré lọ ra mádàbọ́ọ̀dù mìíràn

Ẹni tó bá ti kó owó lé kọ̀ǹpútà rí ló mọ bó ṣe máa ń rí lára. Èèyàn ti lọ sí ọjà kọ̀ǹpútà tó wà ní Òtígbà, n'Ìkẹjà, ó ra mádàbọ́ọ̀dù lọ́tọ̀, ó ra púrósẹ́sọ̀ lọ́tọ̀, ó ra RAM àti àpótí tí yóò kó gbogbo rẹ̀ sí lọ́tọ̀, nítorí wọ́n ti sọ fún un pé ẹni tó bá to kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ yóò rí èyí tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu gan-an. Ó kó wọn délé, ó tò ó, ó dè é, ó wá tẹ bọ́tìnnì. Kẹ́kẹ́ pa. Fáànù kò yí, mọ́nítọ̀ dúdú bíi kóró iṣin. Bẹ́ẹ̀ oníbàárà tó fẹ́ gba fídíò ìgbéyàwó rẹ̀ ti ń pe fóònù láti àárọ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò máa ń ṣe nírú àsìkò yìí ni pé wọ́n á sáré padà sọ́jà, wọ́n á ra mádàbọ́ọ̀dù mìíràn. Ibẹ̀ gan-an lowó ti ń ṣòfò. Nínú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tò, tí kò tíì ṣiṣẹ́ rí, ohun tó sábà máa ń fa wàhálà kì í ṣe pé ẹ̀yà kan ti bàjẹ́. Ó lè jẹ́ wáyà kan ni kò wọlé dáadáa, tàbí kí wọ́n ti kì í síbi tí kì í ṣe ibùjókòó rẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé ẹ̀yà méjì tí kò mọ ara wọn ni wọ́n so pọ̀. Èyí yàtọ̀ sí kọ̀ǹpútà tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta kó tó kú lójijì. Ti ìyẹn, ó ṣeé ṣe kí nǹkan ti jóná. Ti tuntun, ọwọ́ ẹni tó tò ó ni kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí.

Àìtàn ọ̀hún pàápàá kì í ṣe oríṣi kan. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé bí ẹni tẹ òkúta ni, kò sí ohun tó mira. Òmíràn á tàn díẹ̀, á tún kú. Ẹ̀kẹta, fáànù ń yí, iná ara rẹ̀ ń tàn yẹ́ríyẹ́rí, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan lójú mọ́nítọ̀. Ẹni tó bá lọ bá ẹnjiníà tó ní "kò ṣiṣẹ́" lásán kò tíì sọ nǹkan kan, àfi bí ẹni tó sọ fún dókítà pé ara òun kò yá, tí kò sọ ibi tó ń dun òun.

Bó bá jẹ́ pé kò mira rárá, iná ni kí wọ́n kọ́kọ́ tọpinpin. Kí wọ́n ki fáànù tàbí àtùpà mọ́ ojú iná tó wà lára ògiri, kó lè dá wọn lójú pé iná wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n wo ẹ̀yìn páwà-páàkì, ìyẹn àpótí irin kékeré tó ń gba iná wọlé fún kọ̀ǹpútà. Súìṣì kan wà níbẹ̀ tó ní àmì I àti O, ibi I ló sì gbọ́dọ̀ wà. Ọ̀rọ̀ yìí lè pa èèyàn lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àwọn tó mọṣẹ́ náà máa ń tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ nígbà mìíràn kí wọ́n tó rántí súìṣì yìí.

Lára páwà-páàkì tòkunbọ̀ tó ti pẹ́, súìṣì pupa kan tún wà tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí lára. Èyí ló lè gbé ẹni ṣubú. Iná ilé ní Amẹ́ríkà jẹ́ 120 fóòtì, ti Nàìjíríà jẹ́ 230. Bí páwà-páàkì bá ti Amẹ́ríkà dé, tí súìṣì pupa náà ṣì wà ní 115, tí wọ́n wá kì í bọ iná Nàìjíríà, ó lè dún gbàù, kí èéfín sì gba inú yàrá. Kò sí àtúnṣe tó yẹ kí ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ iná dáwọ́ lé níbẹ̀, nítorí iná máa ń sá pamọ́ sínú páwà-páàkì kódà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ọ́ lára ògiri, ó sì lè ṣe èèyàn léṣe gidi. Ọ̀pọ̀ àwọn tuntun máa ń gba 100 sí 240 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yí súìṣì kankan. Síbẹ̀, kí wọ́n ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára kí wọ́n tó kì í bọ iná.

Bí iná bá ti pé, bọ́tìnnì fúnra rẹ̀ ló kàn. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló ti ibi bọ́tìnnì iwájú àpótí wá, tí wọ́n ń kì mọ́ àwọn abẹ́rẹ́ wíńwíńní tó wà ní igun mádàbọ́ọ̀dù. Àwọn abẹ́rẹ́ yìí fún mọ́ra wọn, lẹ́tà tí wọ́n kọ sídìí wọn kò sì ju ẹsẹ̀ èèrà lọ. Bí wáyà bá fi abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ṣìnà, èèyàn lè tẹ bọ́tìnnì títí ilẹ̀ fi máa mọ́. Ọ̀nà tí àwọn oníṣẹ́ ń gbà yẹ èyí wò kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Wọ́n á ṣí ìwé tó bá mádàbọ́ọ̀dù náà wá, wọ́n á fi wá abẹ́rẹ́ méjì tó jẹ́ ti bọ́tìnnì, wọ́n á yọ wáyà kúrò lára wọn, wọ́n á wá fi ẹnu súkúrúdíráfà kan méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì tètè gbé e kúrò. Iná ibẹ̀ kéré, kò lè gbé èèyàn, àmọ́ kí ẹnu súkúrúdíráfà má lọ kan ibòmíràn. Bí kọ̀ǹpútà bá tàn, a jẹ́ pé wáyà tàbí bọ́tìnnì ló ń dà wọ́n láàmú, kì í ṣe mádàbọ́ọ̀dù tí wọ́n fẹ́ lọ rà.

Èyí tó ń tàn tó ń kú, ó sábà máa ń jẹ́ pé irin kan irin níbi tí kò yẹ. Àwọn òpó idẹ kéékèèké kan wà tó ń gbé mádàbọ́ọ̀dù kúrò lára irin àpótí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá dúró síbi tí kò sí ihò fún un, yóò gún ẹ̀yìn mádàbọ́ọ̀dù, páwà-páàkì á sì pa ara rẹ̀ láti fi dáàbò bo ara rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ó ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kó tó kú, kí wọ́n wo abẹ́ irin tó ń fẹ́ púrósẹ́sọ̀ sí tútù. Àwọn kan kì í rántí ṣí ọ̀rá tó bò ó nídìí.

Oríṣi kẹta, tí fáànù ń yí tí mọ́nítọ̀ dákẹ́, ló máa ń tan àwọn èèyàn jẹ jù, nítorí wọ́n rò pé iná ti dé gbogbo ibi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wáyà fífẹ̀ tó ní ojú 24 ló ń fún mádàbọ́ọ̀dù níná, ṣùgbọ́n púrósẹ́sọ̀ ní wáyà tirẹ̀ lọ́tọ̀, olójú 4 tàbí 8, tí ibùjókòó rẹ̀ wà nítòsí rẹ̀ lókè. Ẹni tó bá ki ti àkọ́kọ́ tó gbàgbé èkejì á rí fáànù tó ń yí, bẹ́ẹ̀ púrósẹ́sọ̀ kò rí iná jẹ rárá. Kádì tó ń gbé àwòrán jáde náà lè ní wáyà olójú 8 tirẹ̀. Ó jọ ti púrósẹ́sọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀kan náà. Wọ́n máa ń kọ CPU sára ọ̀kan, PCIe sára èkejì, èyí tí kò bá sì wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, kí wọ́n má fi agbára tì í.

Ti mọ́nítọ̀ ńkọ́? Bí wọ́n bá ti fi kádì àwòrán sí i, ara kádì náà ni kí wọ́n ki wáyà mọ́nítọ̀ mọ́, kì í ṣe ara mádàbọ́ọ̀dù. Àwọn tí kò fi kádì kankan sí i náà, kí wọ́n wo orúkọ púrósẹ́sọ̀ wọn dáadáa. Intel Core i5-12400 lè gbé àwòrán jáde fúnra rẹ̀, i5-12400F kò lè ṣe é. Bẹ́ẹ̀ náà ni AMD Ryzen 5 5600G lè ṣe é, tí Ryzen 5 5600 kò lè ṣe é. Lẹ́tà kan péré ni, òun sì ni ọ̀pọ̀ kì í kà nígbà tí wọ́n bá rí i pé ọ̀kan dínwó ju èkejì lọ.

RAM náà kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbé lé e lásán. Àfi kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí ohun tó ń dì í mú yóò fi dún kàù. Lára ọ̀pọ̀ mádàbọ́ọ̀dù tó ní ojú RAM mẹ́rin, ojú kejì àti ìkẹrin, bí èèyàn bá kà á láti ọ̀dọ̀ púrósẹ́sọ̀, ni wọ́n ń fi méjì sí. Fún àwọn tó ra DDR5, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá tan kọ̀ǹpútà, mọ́nítọ̀ lè dúdú fún ìṣẹ́jú mélòó kan nígbà tí mádàbọ́ọ̀dù ń dán RAM náà wò. A kì í fi ìwàǹwára lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹni tó bá ń pa á tó ń tàn án, ńṣe ló ń dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí iná bá sì ń ṣẹ́jú kì í ṣe ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ tan irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ mádàbọ́ọ̀dù òde òní tilẹ̀ ń sọ ibi tó ń dùn ún. Iná wíńwíńní mẹ́rin wà lára wọn tí wọ́n kọ CPU, DRAM, VGA àti BOOT sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tó bá tàn tí kò kú ni kí wọ́n lọ wò: púrósẹ́sọ̀, RAM, kádì àwòrán, tàbí ibi tí Windows yẹ kó wà.

Bí gbogbo èyí kò bá yanjú ẹ̀, kí wọ́n yọ kọ̀ǹpútà kúrò níná, kí wọ́n tú u sílẹ̀, kí wọ́n gbé mádàbọ́ọ̀dù sórí páálí gbígbẹ. Púrósẹ́sọ̀ pẹ̀lú fáànù rẹ̀, RAM kan ṣoṣo, páwà-páàkì àti ohun tó ń gbé àwòrán jáde nìkan ni kí wọ́n fi sí i. Bó bá tàn báyìí, kí wọ́n máa dá àwọn yòókù padà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì máa pa iná kí wọ́n tó fi ọ̀kan kún un. Ẹni tó bá pààrọ̀ nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan náà kò ní mọ èyí tó jẹ̀bi. Lásìkò ọyẹ́, kí wọ́n máa fọwọ́ kan irin àpótí náà kí wọ́n tó gbé ẹ̀yà kankan, torí iná tó máa ń ta èèyàn lọ́wọ́ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ lè ba RAM jẹ́ láìdún.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yà méjì tí kò mọ ara wọn ló kù, ó sì ń bá àwọn tó ń ra ọjà tó ti pẹ́ lórí igbá. Mádàbọ́ọ̀dù B450 jáde lọ́dún 2018, púrósẹ́sọ̀ Ryzen 5000 jáde lọ́dún 2020. Èkejì á jókòó sínú àkọ́kọ́ láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n kò ní tàn àyàfi tí wọ́n bá ti sọ BIOS mádàbọ́ọ̀dù náà di tuntun. Kò sí ẹ̀yà tó bàjẹ́ nínú méjèèjì. Àwọn mádàbọ́ọ̀dù kan ní bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń ṣe é láti inú fìlàṣì. Èyí tí kò ní, kí ẹni tó tà á fi púrósẹ́sọ̀ àtijọ́ tan án, kó sì ṣe é fún oníbàárà rẹ̀.

Láti ọdún 2004 ni Intel ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó abẹ́rẹ́ kúrò lára púrósẹ́sọ̀ lọ sára mádàbọ́ọ̀dù, AMD náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún AM5 lọ́dún 2022. Abẹ́rẹ́ kan tó bá tẹ̀ lè má jẹ́ kó tàn. Bí oníbàárà bá gbé e padà, ẹni tó tà á á ní òun kọ́ ló tẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n ṣí ibẹ̀ lójú ẹni tó ń tà á, kí wọ́n fi fóònù yà á, kí wọ́n sì gba rìsíìtì tó ní nọ́ńbà mádàbọ́ọ̀dù náà. Bí wọ́n bá wá ń padà lọ, gbogbo ẹ̀yà ni kí wọ́n kó dání, kí wọ́n ní kó fi wọ́n dán kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú wọn.

Àwọn mìíràn sì wà tí kọ̀ǹpútà wọn tàn, tó wá kọ ọ́ sójú mọ́nítọ̀ pé òun kò rí ohun tí òun máa gbé dìde. Wọ́n á ní ó tún ti bàjẹ́, wọ́n á sanwó àtúnṣe. Kò sí ohun tó ṣe é. Wọn ò tíì gbé Windows sínú rẹ̀ ni.