Ife Tí Ń Dún Bí Agogo ní Ọjà Creek Road

Kò sí ọmọ Yorùbá tí ó ti pẹ́ ní Port Harcourt tí kò mọ ọ̀nà ọjà Creek Road. Ẹja àti edé ni ó gbé orúkọ ọjà náà ga, nítorí pé etí omi ni ó wà, àwọn ọkọ̀ ojú omi tí ń lọ sí Bonny, Nembe àti Bille sì ń gbéra nítòsí ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹja kọ́ ni a fẹ́ bá ẹ̀yin ará wa sọ lónìí. Ọ̀rọ̀ dígí ni.

Gbogbo Nàìjíríà ni ó ń pe aṣọ àlòkù ní òkìríkà. Ìlú Okrika tí orúkọ yìí ti jáde kò jìnnà sí wa rárá, omi ni ó là wá láàárín. Aṣọ ni ó pọ̀ jù nínú ẹrù tòkunbọ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń palẹ̀ ilé mọ́ ní òkè òkun kì í kó aṣọ nìkan dànù. Ó ń kó abọ́, ó ń kó ife, ó ń kó ìgò ọtí onídèérí àti ìkòkò òdòdó. Ẹ tún rántí pé ní 1958 ni epo rọ̀bì Nàìjíríà kọ́kọ́ gba Port Harcourt lọ sí òkè òkun, àti pé ní 1999 ni ọkọ̀ kìíní kó gáàsì kúrò ní Bonny. Láti ìgbà wọ̀nyẹn ni òyìnbó ti ń wá, tí wọ́n sì ń lọ, ẹni tí ó ń padà sílé kì í sì í fẹ́ ru dígí. A fún kúùkù, a fún ẹni tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, kò sì pẹ́ tí ẹrù náà yóò fi balẹ̀ sórí ọ̀rá lẹ́bàá títì, láàárín bàtà àti ìkòkò tí ó ti dágbá.

Ìyá kan wà nínú ẹgbẹ́ wa, aránṣọ ni wọ́n, opó sì ni wọ́n pẹ̀lú. A kò ní dárúkọ wọn, nítorí àwọn fúnra wọn ni wọ́n ní kí a má dá a. Ní Sátidé kan wọ́n lọ ra edé ní Creek Road, wọ́n sì rí abọ́ dígí ńlá kan tí eruku bò, tí ẹni tí ó ni í fi ń kó kọ́kọ́rọ́ àlòkù sí. Wọ́n gbé e, ó wúwo ju bí ó ti rí lójú lọ. Wọ́n fi èékánná ta etí rẹ̀, ó dún, ohùn náà kò sì tètè kú. Ẹni tí ó ń tà á pe ₦5,000, wọ́n ná an dé ₦3,500, wọ́n san án, wọ́n sì gbàgbé edé. Nígbà tí wọ́n fọ̀ ọ́ nílé, wọ́n rí orúkọ Waterford tín-ín-tín ní ìdí rẹ̀. Obìnrin kan tí ó máa ń ṣe gbọ̀ngàn ayẹyẹ lọ́ṣọ̀ọ́ ni ó rà á lọ́wọ́ wọn. Owó náà san owó ilé ìwé ọmọ wọn kejì fún sáà kan, ó sì kù tí wọ́n fi ra òwú.

Inú wa dùn sí èyí. Ọ̀ràn kejì ni ó mú wa kọ ìwé yìí.

Ìyá àgbà kan nínú àwọn tí ó pẹ́ jù ní ìlú yìí papò dà ní ọdún tí ó kọjá. Àwọn ọmọ ti Èkó àti ìdálẹ̀ dé, wọ́n sin ìyá wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta péré ni onílé fún wọn láti kó ẹrù kúrò. Wọ́n pe ẹni tí ń ra ẹrù káàkiri, wọ́n sì ta kọ́bọ́ọ̀dù ìyá wọn pẹ̀lú gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ní ọjọ́ kan, ní iye kan, láìṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀ wò dáadáa. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn obìnrin wa fi rí àwọn ife mẹ́fà kan lórí ọ̀rá ní Creek Road, ife tí Màmá kì í gbé jáde àfi bí a bá ń sọ ọmọ lórúkọ. Wọ́n tẹ àwọn ọmọ láago. Kí ẹnikẹ́ni tó débẹ̀, ó ku ẹyọ kan.

Nítorí náà, kí a tó sọ ohun tí a lè rí rà lọ́jà, ẹ kọ́kọ́ wo kọ́bọ́ọ̀dù inú pálọ̀ yín. Ẹ̀yin tí ẹ ní òbí tí ó ti dàgbà, ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí ife kọ̀ọ̀kan ti wá.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ ọ́n? Etí ni a kọ́kọ́ ń lò. Àwọn ìyá wa mọ bí a ti ń gbá ìkòkò amọ̀ wò kí a tó sanwó: èyí tí ó bá sán, ohùn rẹ̀ á wú. Bẹ́ẹ̀ náà ni dígí. Fi ìka méjì di ẹsẹ̀ ife mú, má ṣe di ara rẹ̀ mú, kí o wá fi èékánná ta etí rẹ̀. Kírísítálì gidi á dún bí agogo, á sì máa dún lọ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Gíláàsì lásán á dún kó, á sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fi etí nìkan ṣe ìdájọ́, nítorí gíláàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mìíràn máa ń dún, ìgò ọtí tí ìdí rẹ̀ nípọn kì í sì í fẹ́ dún bí ó tilẹ̀ jẹ́ ojúlówó.

Ohun tí ó ń mú un wúwo, tí ó sì ń mú un dún, òjé ni. Ní 1674 ni George Ravenscroft, oníṣòwò kan ní London, gba ìwé àṣẹ ọba fún irú dígí tuntun kan, kò sì pẹ́ tí òjé fi di èròjà pàtàkì nínú rẹ̀. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù tí wọ́n ṣe ní 1969 ní kí a má pe dígí kan ní kírísítálì olójé bí òjé inú rẹ̀ kò bá tó ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tí ó bá tó 30 ni ó ga jù.

Lẹ́yìn etí, ìka. Ọnà tí a fi ọwọ́ gé mú létí, ó ń kọ ìka. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ nínú ègbẹ̀ dán ní gbogbo igun, bí ọṣẹ tí a ti lò, ìwọ yóò sì rí ìlà kan tín-ín-rín tí ó gòkè lára rẹ̀ níbi tí ègbẹ̀ méjì ti pàdé. Lẹ́yìn náà, fi ìka yí etí ife po pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ojú lè máà rí ibi tí ó ti kán, ìka á mọ̀ ọ́n. Ife tí etí rẹ̀ ti kán, bí ó bá jẹ́ ti ọba pàápàá, má rà á fún títà.

Orúkọ ilé iṣẹ́ máa ń wà ní ìdí, ó sì kéré débi pé ọ̀pọ̀ ń fojú fò ó. Gbé ìdí náà sí ìmọ́lẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kí o mí sí i lára bí ẹni tí ó fẹ́ nu dígí ìwojú. Níbi tí èémí bá ti mú un ṣú, ìwé náà á yọ. Waterford ti Ireland bẹ̀rẹ̀ ní 1783, ó kógbá sílé ní 1851, wọ́n jí i dìde ní 1947; ilé iṣẹ́ ńlá rẹ̀ tì ní 2009, wọ́n sì ṣí èyí tí ó kéré ní ìlú kan náà ní 2010. Baccarat ti ilẹ̀ Faransé ti wà láti 1764. Stuart wà pẹ̀lú, láti Stourbridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ti Bohemia, ìwé alẹ̀mọ́ ni wọ́n sábà ń fi sí i lára, omi sì ti máa ń wẹ̀ ẹ́ kúrò. Cristal d'Arques pọ̀ lọ́jà wa. Ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ni ó ṣe é lọ́pọ̀ yanturu, nítorí náà ẹ má san owó Baccarat lé e lórí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé òyìnbó ni ó kọ́ wa ní dígí. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn baba wa ti ń yọ́ dígí tiwọn ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sí ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn, àdàlù tiwọn ni, kì í ṣe ti Lárúbáwá tàbí ti Yúróòpù. Ọ̀mọ̀wé Abidemi Babatunde Babalola walẹ̀ níbẹ̀ ní 2011 àti 2012, ìlẹ̀kẹ̀ dígí tí ó sì wú jáde lé ní 12,000.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́ fún ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ wa. Òjé inú kírísítálì ń bọ́ sínú ọtí. Ní 1991, Joseph Graziano àti Conrad Blum ti Yunifásítì Columbia ní New York tẹ àyẹ̀wò wọn jáde nínú The Lancet: bí ọtí ti ń pẹ́ sí i nínú ìgò kírísítálì ni òjé inú rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Bu ọtí sí ife, mu ún, fọ ife. Kò burú fún àgbàlagbà lọ́jọ́ ayẹyẹ. Ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe rẹ egbòogi sínú ìgò bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí a ti mọ àwọn bàbá wa mélòó kan mọ̀ ọ́n. Omi ọsàn àti ohun kíkan gbogbo burú sí i pẹ̀lú. Ọmọdé àti aboyún kò gbọdọ̀ lò ó rárá, nítorí òjé ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́.

Ní ti ìtọ́jú, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tó, kí a tẹ́ aṣọ sínú bàsíà kí ife má baà gbá a. Omi gbígbóná á là á. Bí funfun bá lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i di ọjọ́ kejì. Bí kò bá lọ, dígí fúnra rẹ̀ ni ó ti jẹ, kò ní lọ mọ́. Ẹ má kó o bọ inú ara wọn, ẹ má sì da ojú rẹ̀ bolẹ̀, etí rẹ̀ ni ó ṣẹlẹgẹ́ jù.

Títà rẹ̀ nílò sùúrù ju rírà lọ. Ọjà yìí kò gbóná bíi ti àtijọ́, àwọn ọmọ ìwòyí kò fẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù nínú pálọ̀ mọ́. Lórí fóònù, ẹ wo iye tí ènìyàn san gan-an, ẹ má wo iye tí ẹni tí ń tà á ń pè. Ní Greensboro ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Replacements ti ń wá ẹnìkejì ife fún ẹni tí tirẹ̀ fọ́ láti 1981, èyí sì fi hàn pé mẹ́fà tí ó bára mu sàn ju ẹyọ mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ. Kí àwọn ọmọ wa tí ń wọ Oxfam ní London tàbí Goodwill ní Houston fi èyí sọ́kàn.

A bi ara wa léèrè nínú ìpàdé bóyá ó yẹ kí ẹni tí ó mọ̀ sọ fún ẹni tí kò mọ̀. Lójú tiwa, ọ̀tọ̀ ni ọjà, ọ̀tọ̀ ni ilé ọ̀fọ̀. Lọ́jà, ẹni tí ń tà ti dá iye lé ọjà rẹ̀, ó sì ti jẹ èrè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ó bá wọ ilé arúgbó tàbí ilé tí òkú ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tí ó rí Baccarat, tí ó sì fi owó gíláàsì lásán gbà á, olè ni a ó pè é.

Ní ìpàdé oṣù tí ń bọ̀, ìyá aránṣọ yóò mú abọ́ méjì wá, ọ̀kan tí a fi ọwọ́ gé àti ọ̀kan tí ẹ̀rọ tẹ̀, kí olúkúlùkù lè fi ìka ara rẹ̀ kàn án. Ẹni tí ó bá ní ife nílé tí kò dá a lójú, kí ó fi aṣọ wé e, kí ó gbé e dání. Bí ó bá sì jẹ́ pé láti Creek Road ni ẹ ti ń bọ̀, ẹ jọ̀wọ́, kí ó má bá ẹja wọ àpò kan náà.