Irinṣẹ́ Tó Ń Fi Òjìji Mọ Ibi Tí Gámà Ti Wá

Ariwo GRB 250702B, ìbúgbàù ìtànṣán gámà tí sátẹ́láìtì Fermi ti Amẹ́ríkà rí ní ọjọ́ 2, oṣù Keje, ọdún 2025, kò tíì rọlẹ̀. Irú rẹ̀ kì í sábà pẹ́ ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, àmọ́ eléyìí ń kọ mànà, ó ń dáwọ́ dúró, ó tún ń kọ, fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Tayé tọ̀run ń bèèrè ohun tó fà á. Èmi ò tíì kúrò lórí bí wọ́n ṣe rí i rárá.

Gámà kì í tẹ̀ fún dígí, ṣe ló ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá sì dúró ní ìlú Masífà, bó ti wù kí òru ṣókùnkùn tó, kò lè rí i, torí afẹ́fẹ́ tó bo ayé kì í jẹ́ kó dé ilẹ̀. Òkè lọ́hùn-ún ni irinṣẹ́ rẹ̀ ń gbé.

Sátẹ́láìtì Swift, tó gbéra ní ọdún 2004, ní pẹpẹ kan tí wọ́n to nǹkan bí 52,000 ègé òjé sí láìtẹ̀lé ètò kankan. Gámà kan gba àlàfo kọjá, òjé dí òmíràn, òjìji wá bọ́ sórí ohun tó ń ka gámà nísàlẹ̀. Bí èèyàn bá gbé ajere sínú oòrùn, àmì ihò rẹ̀ nílẹ̀ a máa yẹ̀ bí oòrùn ti ń yẹ̀. Irú ìyẹ̀sí yìí ni kọ̀ǹpútà Swift fi ń ṣírò ibi tí gámà ti wá.

Fermi ò ní pẹpẹ òjé. Kírísítà 14 ló tò káàkiri ara rẹ̀. Èyí tó bá kọjú sí gámà ló ń tàn jù. Ó yára, ṣùgbọ́n ibi tó ń nawọ́ sí máa ń fẹ̀ jù. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé sátẹ́láìtì Einstein Probe ti Ṣáínà ló bá wọn wá ojúlé GRB yìí rí.

Bọ́ǹbù ni wọ́n tilẹ̀ kọ́kọ́ fi irú irinṣẹ́ yìí ṣọ́, kì í ṣe ìràwọ̀. Ní ọdún 1960, Faransé yin bọ́ǹbù átọ́míìkì ní Reggane, ní Sàhárà, níbi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá bá wa. Nígbà tó yin ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ìjọba Tafawa Balewa lé aṣojú Faransé kúrò ní Nàìjíríà, ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1961. Ní 1963, Amẹ́ríkà, Bìrìtéènì àti Sófíẹ̀tì fọwọ́ sí i pé àwọn ò ní dán bọ́ǹbù wò lójú òfuurufú mọ́. Faransé ò fọwọ́ sí i. Àdéhùn wà, ìfọkàntán ò sí: Amẹ́ríkà rán sátẹ́láìtì Vela lọ máa ṣọ́ gámà. Ní ọjọ́ 2, oṣù Keje, ọdún 1967 (ẹ wo ọjọ́ yẹn dáadáa), Vela rí èyí tí kò jọ ti bọ́ǹbù. Ó di 1973 kí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Ray Klebesadel àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó gbé e jáde fáyé.

Ní ti ìbúgbàù 2025, àwọn kan ní ihò dúdú ló fa ìràwọ̀ kan ya. Àwọn mìíràn ní ṣe ló wọ inú ìràwọ̀ lọ, tó ń jẹ ẹ́ láti inú. Ọkàn mi fà sí ti àkọ́kọ́, torí Einstein Probe ti rí ìtànṣán X níbẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ kan ṣáájú. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan péré ni irú èyí tí wọ́n tíì rí, mi ò ní fi búra.